Àwòrán Àwòyíká àti Àkókò Tó Sá Pamọ́ Sínú Rẹ̀

Mo mọ̀ pé mo jẹ yín ní gbèsè apá kejì ọ̀rọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí ìpajẹ fáwẹ̀lì. Ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ fọ́tò àti fídíò ló gba ọkàn mi lóṣù yìí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá fara balẹ̀ bá mi dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìpajẹ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Mò ń tú àpótí ìwé mi láti mọ èyí tí màá fi ta ilé-ìkàwé lọ́rẹ àti èyí tí màá sun níná, ni mo bá kan páálí gígùn kan tí mo ṣẹ́po sí mẹ́rin. Fọ́tò 14 ni mo fi sẹlotéèpù lẹ̀ tẹ̀lé ara wọn lórí páálí náà. Sẹlotéèpù ọ̀hún ti pọ́n bí epo. Orí Òkúta Olúmọ ní Abẹ́òkúta ni mo ti yà wọ́n, lóṣù Kẹwàá ọdún 1983, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi. Nígbà yẹn, ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà níbẹ̀ lónìí ò tíì sí. Ẹsẹ̀ la fi gùn ún. Mo dúró sójú kan, mo ya ọ̀kan, mo yí díẹ̀ sápá ọ̀tún, mo ya òmíràn, títí mo fi yí padà dé ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti gun Olúmọ rí mọ ohun tí ojú máa ń rí níbẹ̀: òrùlé páànù tó ti dípẹtà, tó lọ salalu; Odò Ògùn lọ́ọ̀ọ́kán; ilé-ìjọsìn St Peter ní Aké.

Ìyá àwọn ọmọ mi ò ní sùúrù fún ohun tí mò ń ṣe. Ó ń rìn kiri lórí àpáta ní tirẹ̀. Bó ṣe wà nínú fọ́tò kẹrin nìyẹn, tó kẹ̀yìn sí mi, tó ń wo ọ̀nà Aké. Ó tún wà nínú fọ́tò kọkànlá, tó kọjú sí mi, tó ń sọ̀rọ̀. Mo ṣì rántí ohun tó ń sọ. Ó ní kí n ṣe kíá, oòrùn ti ń wọ̀. Ó di ọdún keje báyìí tó ti fi wá sílẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi kan tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi rí páálí náà. "Bàbá àgbà, ẹ jẹ́ kí n bá yín so ó pọ̀ dáadáa." Ó ya ẹ̀dà fọ́tò kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi wọ́n lé ètò kan tó máa ń so fọ́tò pọ̀ lọ́wọ́. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán kan ṣoṣo jáde, gígùn gbọọrọ, ó mọ́ tónítóní, èèyàn ò lè mọ ibi tí fọ́tò kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Inú mi dùn. Àfi bí ọmọ náà ṣe fi ìka tọ́ka sí ibì kan lórí àpáta, tó ní, "Bàbá àgbà, òjìji ta nìyí?"

Òjìji wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó nà gbọọrọ lórí òkúta. Ẹni tó ni ín ni ò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti pa á rẹ́.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe. Ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ìgbà náà ni mo sì ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi irú àwòrán yìí ṣe fídíò. Kì í ṣe fídíò tí wọ́n fi ń polówó ilé ìtura o. Irú èyí tí àwọn oníṣẹ́-ọnà fi ń dán nǹkan wò ni mo ń sọ. Ohun tí mo kọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín, nítorí ó kọ́ mi ní nǹkan nípa àkókò tí mi ò fọkàn sí tẹ́lẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú àwòrán yìí ní panorama. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtayébáyé ni. Wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ ni, bí àwa náà ṣe ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí. Ayàwòrán kan tí wọ́n bí ní Ireland, Robert Barker, tó ń gbé ní Edinburgh, gba ìwé àṣẹ ìjọba lọ́dún 1787 lórí irú àwòrán ńlá kan tó yí èèyàn ká bí ògiri ilé róbótó. Orúkọ Faransé ló kọ́kọ́ fún un. Nígbà tó di nǹkan bí ọdún 1791 ni ọ̀rọ̀ panorama jáde, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: ọ̀kan túmọ̀ sí "gbogbo", èkejì túmọ̀ sí "ohun tí a rí". Lọ́dún 1793, Barker ṣí ilé róbótó kan ní Leicester Square nílùú London. Èèyàn á sanwó, á gòkè lọ dúró láàárín, àwòrán á sì yí i ká láìlópin.

Kí làwa máa pè é? Tí ẹ bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀ wẹ́kú, ǹ bá sọ pé "àwòkárí". Ó bá ti Gíríìkì mu: kárí ni "gbogbo". Ṣùgbọ́n "àwòyíká" ló wù mí jù. Ẹ ya á wò: à, wò, yíká. Ọ̀rọ̀ ìṣe "yí" wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì sọ pé a rí gbogbo nǹkan, kò sọ bí a ṣe rí i. Tiwa sọ pé a ní láti yí ká kí a tó rí i, yíyí sì ń gba àkókò. Kò sẹ́ni tó lójú lẹ́yìn orí. Nígbà tí o bá fi máa yí dé ẹ̀yìn, iwájú ti yí padà. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú gbólóhùn yẹn.

Lẹ́yìn Barker, àwọn kan yí ètò náà padà. Wọ́n ya àwòrán sára aṣọ gígùn, wọ́n ká a mọ́ òpó méjì. Wọ́n á máa tú u lára ọ̀kan, wọ́n á máa ká a mọ́ èkejì, àwọn òǹwòran á sì jókòó sójú kan. Báyìí ni John Banvard ṣe fi odò Mississippi han àwọn èèyàn Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1840. Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ náà. Lọ́dọ̀ Barker, òǹwòran ló ń yí. Lọ́dọ̀ Banvard, àwòrán ló ń rìn. Fídíò tí a fẹ́ ṣe yìí, ọmọ Banvard ni.

Nígbà tí kámẹ́rà dé, ọ̀rọ̀ àkókò wá le sí i. Lọ́dún 1878, Eadweard Muybridge dúró sókè ilé kan lórí òkè ní San Francisco, ó ya ìlú náà yíká sórí gíláàsì 13. Tí a bá tẹ́ àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, ó lé ní mítà márùn-ún. Láyé ìgbà náà, wọ́n gbọ́dọ̀ fi oògùn pa gíláàsì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lò ó, kí wọ́n sì fọ̀ ọ́ kó tó gbẹ, nítorí náà iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí ni. Oòrùn ò dúró de Muybridge. Àwòrán náà dà bí ìṣẹ́jú kan ṣoṣo lójú, ṣùgbọ́n òjìji ilé tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó wá yà mí lẹ́nu ni pé ọdún 1878 yìí kan náà ni ọkùnrin yìí kan náà to kámẹ́rà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Palo Alto, tó fi ya ẹṣin tó ń sáré, tí gbogbo ayé wá ń pè é ní ọ̀kan nínú àwọn baba sinimá. Lọ́wọ́ kan, ó so àkókò púpọ̀ pọ̀ kó lè dà bí ẹyọ kan. Lọ́wọ́ kejì, ó gé ìrìn kan ṣoṣo sí wẹ́wẹ́.

Lọ́dún 1904, wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọba ní Amẹ́ríkà lórí kámẹ́rà kan tí wọ́n ń pè ní Cirkut. Fúnra rẹ̀ ló ń yí lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, fíìmù á sì máa kọjá lẹ́yìn ihò tóóró kan bó ṣe ń yí. Wọ́n fi ń ya fọ́tò ẹgbẹ́ ológun àti ti ọmọ ilé-ìwé tó pọ̀. Àwọn ọmọ tó gbọ́n féfé mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: bí kámẹ́rà bá ti kọjá lójú wọn tán, wọ́n á sá gba ẹ̀yìn àwọn yòókù lọ sí òpin kejì, kámẹ́rà á sì tún bá wọn níbẹ̀. Ọmọ kan, ojú méjì, fọ́tò kan. Ìyá àwọn ọmọ mi ò mọ̀ pé eré yìí lòun náà ṣe lórí Olúmọ.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín ò yàtọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń fi í ya àwòyíká, tí ẹ ń rọra yí, ńṣe ló ń ya fọ́tò lọ́pọ̀ ìgbà, tó ń mú tóóró kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tò wọ́n tì ara wọn. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti òsì, apá òsì àwòrán yín jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún apá ọ̀tún. Gbólóhùn náà rí bẹ́ẹ̀, àbí? Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ti jáde lẹ́nu kí ìkẹyìn tó jáde. Ìwé ló tẹ́ wọn sílẹ̀ pọ̀ lójú kan, tí a fi ń rò pé ìgbà kan náà ni gbogbo wọn wà.

Ibi tí fọ́tò méjì ti pàdé

Kí ló wá gbé ìyá àwọn ọmọ mi lọ? Lẹ́ńsì tí mo lò, 50 mm, ń rí nǹkan bí ìwọ̀n 40 digíríì. Fọ́tò 14 ni mo fi yí 360 digíríì ká, ìyẹn ni pé nǹkan bí digíríì 26 ni mo ń yí lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà fọ́tò méjì tó tẹ̀lé ara wọn jọ ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta kan. Ohun tó wà ní etí ọ̀tún fọ́tò kẹrin tún wà ní etí òsì fọ́tò karùn-ún. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń wá nìyẹn: igun òrùlé kan náà, igi kan náà, nínú méjèèjì. Á wá tẹ fọ́tò síbí, á nà án sọ́hùn-ún, títí wọn á fi bára wọn mu.

Ṣùgbọ́n tí nǹkan kan bá wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì ńkọ́? Ó di dandan kó mú ọ̀kan. Wọ́n sì ti kọ́ ọ pé ohun tí kò jẹ́ kí ojú ìrán hàn ni kó mú. Etí ọ̀tún fọ́tò kẹrin ni ìyàwó mi dúró sí. Kí n tó ya ìkarùn-ún, ó ti kúrò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà mú àpáta òfìfo inú fọ́tò karùn-ún. Òjìji rẹ̀ ní tirẹ̀ nà sápá òsì, síbi tí fọ́tò kẹrin nìkan rí. Kò sí fọ́tò kejì tó lè bá a du ibẹ̀, bó ṣe ṣẹ́kù nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì mi, ẹ ti mọ ibi tí mò ń lọ. "Gbé" pàdé "ọmọ", ó di "gbọ́mọ". "Rí" pàdé "owó", ó di "rówó". Fáwẹ̀lì "é" ti lọ, ẹ ò lè gbọ́ ọ mọ́. Ṣùgbọ́n ohùn òkè tó gbé wá ò bá a lọ. Ó bọ́ sórí fáwẹ̀lì ẹlòmíràn, ó jókòó síbẹ̀. Ohùn yẹn ni ẹ̀rí pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ rí. Tí mo bá béèrè ní kíláàsì pé, "Ohùn ta nìyí?", kò yàtọ̀ sí ohun tí ọmọ ọmọ mi bi mí.

Ẹ rí i pé gbèsè yín ni mò ń san díẹ̀díẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ya tiyín

Ẹ ò nílò owó ńlá. Nǹkan mẹ́rin ló ṣe pàtàkì.

Àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí fọ́tò kọ̀ọ̀kan mú ìdá mẹ́ta kan nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ò ní rí ohun tó máa fi dá wọn mọ̀ ní ìbátan.

Èkejì, ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà máa yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, ojú ọ̀run á funfun nínú fọ́tò kan, á ṣú nínú èyí tó tẹ̀lé e. Ẹ yan ìwọ̀n kan, kí ẹ sì dì í mú títí ẹ ó fi yí tán.

Ẹ̀kẹta, lẹ́ńsì ni kó máa yí lójú kan, kì í ṣe ara yín. Ẹ dán èyí wò: ẹ na ìka kan sókè níwájú imú, ẹ di ojú òsì, ẹ wá ṣí i, kí ẹ di ọ̀tún. Ìka náà fò láti ibì kan sí ibòmíràn, bẹ́ẹ̀ ẹ ò gbé e. Ojú yín ló pààrọ̀ ibùdó. Tí ẹ bá na kámẹ́rà síwájú tí ẹ wá ń fi ara yí, ohun tó wà nítòsí á máa fò bẹ́ẹ̀, kò sì sí ètò tó máa lè so ó pọ̀ kó gún. Ẹ gbé kámẹ́rà sórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kí ojú lẹ́ńsì gan-an wà lókè ibi tó ti ń yí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ yan ètò tó máa gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Hugin ni mo wá lò níkẹyìn, ọ̀fẹ́ ni. Ó gbà mí láyè láti fi àmì yí ohun tí mo fẹ́ kó ṣẹ́kù ká nínú fọ́tò, kó má bàa parẹ́ níbi ìsopọ̀. Nígbà tí mo mọ ìyẹn, mo rí i pé pípa tí wọ́n pa èèyàn rẹ́ kì í ṣe dandan. Ẹnì kan ló pinnu ṣáájú pé ohun tí gbogbo èèyàn á fẹ́ nìyẹn.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lórí títẹ́ àwòrán sílẹ̀. Tèmi dà bí bébà tí a bó lára agolo mílíìkì: ó yíká tẹ́lẹ̀, a bó o, ó di pẹrẹsẹ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ya òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn, kì í ṣe agolo mọ́, bọ́ọ̀lù ni. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe é tẹ́ láìfà á. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí onígun mẹ́rin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì gíga rẹ̀, bíi máàpù ayé. Bí Greenland ṣe máa ń tóbi ju ara rẹ̀ lọ lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ ni ojú ọ̀run tó wà lókè orí yín ṣe máa fẹ̀ bí ẹní.

Láti àwòrán sí fídíò

Èyí tó rọrùn jù ni pé kí ẹ fi fèrèsé kan rìn lórí àwòrán náà. Fèrèsé ni fídíò. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀ nìkan ni òǹwòran rí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àwòrán mi jẹ́ 12,000 píksẹ́lì ní ìbú. Fídíò mi jẹ́ 1920 píksẹ́lì ní ìbú, férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí fèrèsé bá sún píksẹ́lì mẹ́rin ní férémù kọ̀ọ̀kan, á rin 100 píksẹ́lì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á sì yí gbogbo Abẹ́òkúta ká ní ìṣẹ́jú méjì. Nítorí pé òpin àwòrán pàdé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lè máa yí lọ láìdúró. Gíga àwòrán mi ò tó ti fídíò, torí náà dúdú wà lókè àti nísàlẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ gé orí òkúta nítorí sikirín.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dúró sí. Àwọn oníṣẹ́-ọnà tẹ̀ síwájú. Àwọn kan máa ń yí ìyára padà. Michael Snow, ọmọ Kánádà, ṣe fíìmù kan lọ́dún 1969 nínú èyí tí kámẹ́rà ń lọ tó ń bọ̀ nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ń yára sí i títí ohun tó wà níwájú rẹ̀ fi di ìlà. Nínú fíìmù mìíràn tó jáde lọ́dún 1971, ó tún gbé kámẹ́rà sórí ẹ̀rọ kan tí onímọ̀ ẹ̀rọ Pierre Abeloos ṣe, lórí òkè kan ní Quebec tí ẹnikẹ́ni ò gbé, ó sì jẹ́ kó máa yí sí gbogbo ọ̀nà. La Région Centrale ni orúkọ fíìmù náà, nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ló gbà. Kì í ṣe fọ́tò tí a so pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wúlò fún wa: tí ẹ bá yí pẹ́ tó, òǹwòran á dẹ́kun bíbéèrè pé "kí ló wà níbẹ̀?", á bẹ̀rẹ̀ sí béèrè pé "ta ló ń wò?"

Àwọn mìíràn máa ń gé àwòrán sí tóóró tóóró, kí tóóró kọ̀ọ̀kan máa rìn ní ìyára tirẹ̀. Tí ẹ bá fa tóóró òsì sẹ́yìn díẹ̀, tí ẹ sún ti ọ̀tún síwájú, òrùlé á máa ṣàn bí omi. Àwọn kan máa ń ká àwòrán bọ́ọ̀lù po, títí ilẹ̀ á fi di róbótó kékeré láàárín, tí ilé á yọrí jáde lára rẹ̀ bí ẹ̀gún. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó tètè ń sú èèyàn.

Ọ̀nà tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé kí a má fi ojú ìrán pamọ́. David Hockney, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ fọ́tò pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1980. Etí fọ́tò hàn kedere, àwọ̀ ò bára mu, ọwọ́ kan náà lè wà níbi mẹ́ta. Ó fẹ́ kí a mọ̀ pé wíwò gba àkókò. Páálí mi pẹ̀lú sẹlotéèpù rẹ̀ ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1983. Èmi ni mi ò mọ̀.

Èyí tí mo ṣe

Fídíò mi jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó yí lẹ́ẹ̀mejì. Ní yíyí àkọ́kọ́, àwòrán tí kọ̀ǹpútà so pọ̀ ni mo lò, èyí tó mọ́ tónítóní. Òjìji kọjá lórí àpáta, kò sẹ́ni níbẹ̀. Ẹni tí kò bá fọkàn sí i lè má rí i rárá. Ní yíyí kejì, ìyára kan náà, mo pa ètò náà tì, mo lo fọ́tò 14 bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n. Ojú ìrán hàn, ìmọ́lẹ̀ ń yí padà láti ọ̀kan sí èkejì. Ìyá àwọn ọmọ mi dúró sórí òjìji rẹ̀ nínú fọ́tò kẹrin, ó kẹ̀yìn sí wa. Fèrèsé kọjá. Òrùlé, odò, òrùlé. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, ó wà níbẹ̀, ó kọjú sí wa, ó ń sọ̀rọ̀. Mi ò fi ohùn kankan sí i.

Ọmọ ọmọ mi ní ètò tuntun kan wà tó lè ṣẹ̀dá bó ṣe rìn láti fọ́tò kẹrin dé ìkọkànlá, kó dà bíi pé a ya á. "Bàbá àgbà, á rìn o!" Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ní kó fi í sílẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣàtúntẹ̀ ìwé àtijọ́, tí kòkòrò ti jẹ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀, ẹ ò gbọdọ̀ fi tiyín dí i láìsọ fún òǹkàwé. Ẹ ó fi àmì síbẹ̀ pé ihò wà níbí. Ìṣẹ́jú kan tí kò sí nínú fídíò náà ni àmì tèmi. Mi ò rí i nígbà tó ń rìn. Ibòmíràn ni mo kọjú sí, mò ń ya fọ́tò. Irọ́ ni máa jẹ́ tí mo bá ṣe bíi pé mo rí i.

Mo fi han àwọn ọmọ wa nígbà tí wọ́n wá. Àkọ́bí wa obìnrin wò ó dópin, kò sọ nǹkan kan, ó ní kí n tún un gbé sí i. Ní yíyí kejì ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ń bá yín jà níbẹ̀ yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, oòrùn ti ń wọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín nìyí. Ẹ tú àwọn àwòyíká tó wà nínú fóònù yín wò, ti ìgbéyàwó, ti òde, ti ìrìn-àjò. Ẹ má wo ibi tó dára. Ẹ wá ibi tó bàjẹ́: ẹni tí ara rẹ̀ gé sí méjì, ajá oníẹsẹ̀ mẹ́fà, ọmọ tó wà níbi méjì, òjìji tí kò lólówó. Ẹ má tètè pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni àkókò ti yọjú.

Apá kejì ìpajẹ fáwẹ̀lì ń bọ̀, mo ṣèlérí. Ó dìgbà o.